Ìpín Àtọ́kẹ́ Nínú Òkú Ìyá Tíṣà

Ní ọdún 1954, Àtọ́kẹ́ wọ ilé Tíṣà Ọládépò ní Ìwó láti tọ́jú ìyá Tíṣà, Màmá Fẹ̀yìntọlá, tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni Màmá bí. Kò sí èyí tí ó fẹ́ gbé e dé ilé ìwẹ̀. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣe àdéhùn: ṣílè mẹ́wàá lóṣù, Tíṣà yóò sì máa bá Àtọ́kẹ́ fi í pamọ́ títí yóò fi bèèrè.

Àtọ́kẹ́ mọ ohun tí ó fẹ́ fi owó náà ṣe. Oyèdèjì, ọkọ rẹ̀ ní Kuta, ti fi ọmọ odó ṣẹ́ ẹ lápá. Kóòtù ìbílẹ̀ ní àwọn yóò tú ìgbéyàwó náà ká, bí ó bá dá owó orí, pọ́n-ùn méjìlá, padà kí ọdún méjì àti oṣù kan tó pé. Bí kò bá rí i san, kí ó padà sí Kuta.

Ìgbà mẹ́fà lójúmọ́ ni ó ń yí Màmá padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Ó ń da ìgbẹ́ rẹ̀, ó ń fọ aṣọ ìtẹ́sùn rẹ̀, ó ń fi ṣíbí rọ ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó tọrọ àyè láti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Tíṣà ní, “Ta ni yóò yí Màmá padà? Ìwọ náà, ọmọ ilé yìí ni ọ́. Ọmọ kì í gba ìsinmi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.”

Inú Àtọ́kẹ́ dùn sí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ọdún, tí pásítọ̀ pe àwọn ọmọ Màmá jáde fún àdúrà, Tíṣà ṣẹ́wọ́ sí i. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ tẹ̀ lé àwọn mẹ́rin náà níwájú gbogbo ìjọ.

Oṣù kẹrìnlélógún ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ni Màmá kú. Ní ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú, Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀ ní pálọ̀, níbi tí Tíṣà àti Jemimah, ẹ̀gbọ́n Tíṣà lóbìnrin, ti ń pín ẹrù olóògbé.

“Ẹ kú ìnáwó, sà. Ọjọ́ kóòtù mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Owó mi ni mo wá gbà.”

Tíṣà ṣí ìwé kan. “Ọgọ́ta pọ́n-ùn la fi sin Màmá. Ọmọ márùn-ún ló pín in san, méjìlá méjìlá.”

“Ọmọ márùn-ún, sà?”

“Ìwọ ni ìkarùn-ún. Gbogbo ìjọ ló rí ọ. Mo ti yọ ìpín tìrẹ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó sì ṣe wẹ́kú.”

Àtọ́kẹ́ wo òkìtì aṣọ tó wà nílẹ̀. “Nínú aṣọ Màmá ńkọ́, èwo ni tèmi?”

Jemimah rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀. Ìyá wo ló bí ọ sílé yìí? Ogún ò kan alágbàṣe.”

“Ṣílè mẹ́wàá lóṣù lẹ wí, sà.”

“Ìwé ẹ̀ dà?” ni Tíṣà bi í. “Ṣé ìyá àti ọmọ a máa kọ̀wé síra wọn?” Ó pa ìwé rẹ̀ dé. “Èmi kì í ṣe òǹrorò. Bàbá ìyàwó mi ní Ilé-Ogbó kò lè dìde mọ́. N ó yá ọ ní pọ́n-ùn méjìlá lónìí. Wàá tọ́jú bàbá náà fún ọdún méjì, a ó sì ka gbèsè náà sí sísan.”

Ó fa bébà yọ. Ó ní owó yíyá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹnu lásán ṣe.

Àtọ́kẹ́ rántí ọmọ odó. Ó ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ síbi tí Tíṣà nawọ́ sí.

“Ẹ ṣeun, sà.”

Jemimah ní, “Kí o tó lọ, fọ aṣọ tí Màmá kú lé lórí. Lo ọṣẹ níwọ̀nba.”

Ó fọ̀ ọ́. Ó san owó orí ní kóòtù, ó gba rìsíìtì rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ilé-Ogbó. Tinúkẹ́, ìyàwó Tíṣà, ti ṣáájú débẹ̀, ó sì ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un lẹ́bàá ibùsùn bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ọmọ yín tuntun dé.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pè mí lọ́mọ,” ni Àtọ́kẹ́ wí. “Alágbàṣe ni mí.”

Tinúkẹ́ wò ó títí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ká ẹní náà nílẹ̀, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.

“Kò burú. Alágbàṣe kì í sun yàrá bàbá mi. Ẹ̀yìnkùlé ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ewúrẹ́. Tí a bá jẹun tán, o ó wá wo ohun tó bá ṣẹ́kù.”

Àtọ́kẹ́ gbé ẹní rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé. Kò tíì tẹ́ ẹ tán tí bàbá náà ti ń pariwo pé kí ẹni tí wọ́n gbà wá yí òun padà.