Ìdajì Orí Tíṣà

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Ogójì ọdún ni bàbá mi ti ń gẹrun. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n gẹ apá ọ̀tún orí Tíṣà, ọ̀rẹ́ wọn, nìkan, wọ́n gbọn aṣọ ọrùn rẹ̀, wọ́n ní ó parí. Tíṣà wo dígí, wọ́n dúpẹ́, wọ́n dé fìlà, wọ́n sì gba ilé wa wá. Wọ́n ní àwọn ò lè dójú ti ọ̀rẹ́ àwọn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Dókítà ya àwòrán ọpọlọ Bàbá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ jẹ́. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Ó máa dà bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: á dúró pẹ́, á tún sọ̀kalẹ̀ sí i. Oògùn lè mú kó pẹ́ níbi tó dé, kò lè gbé e padà sókè. Inú bí mi. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi bẹ Bàbá pé kí wọ́n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ń ní ara àwọn le koko bí ojú ọta.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti òkèèrè pé kí n pààrọ̀ àgádágodo ṣọ́ọ̀bù, kí n purọ́ pé onílé ló tì í. Mo ra àgádágodo náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a kì í fárí lẹ́yìn olórí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti agẹrun.

Láàárọ̀ Sátidé, mo jókòó sórí àga Bàbá nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tan kílípà. Ọwọ́ wọn ṣì fúyẹ́ bíi ti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún wọn, ti dókítà àti ti Tíṣà. Wọ́n ń gẹrun mi lọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbọn aṣọ ọrùn mi, wọ́n ní ó parí.

"Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan, Bàbá."

Wọ́n wo dígí títí.

"Bí mo ṣe ṣe Tíṣà nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Wọ́n pa kílípà, wọ́n ká wáyà rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ká a tí iṣẹ́ bá parí. Wọ́n bọ́ fìlà orí wọn, wọ́n dé e sí mi lórí.

"Lọ bá Tíṣà. Á mọ ibi tí wọ́n á ti bá ẹ parí ẹ̀."

Wọ́n fọwọ́ ara wọn ti ilẹ̀kùn, wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo sunkún lójú títì. Àgádágodo tuntun wà lápò mi, mi ò jẹ́ kí wọ́n rí i.