Ewé Ni Elvire Rà

Èmi ni mo kọ́ Flavienne ọmọ mi ní iṣẹ́ ẹ̀fọ́ gbọmá, lẹ́bàá odò níbi tí ìlú Pobè ti parí. Ẹ̀fọ́ yìí lérè, àmọ́ kì í ṣe nígbà tí a bá kọ́kọ́ gé e. Owó àkọ́gé, orí ìgbẹ́ adìẹ tí a fi ń ṣe ajílẹ̀ ló ń tán sí. Èyí tó bá tún rú lára kùkùté la fi ń jẹun, òun náà la fi ń san owó ilẹ̀. Onílẹ̀ sì ti sọ fún Flavienne pé bí kò bá sanwó lóṣù yìí, bíríkì lòun máa kó síbẹ̀.

Elvire, aláròóbọ̀ kan láti Takon, ra ẹ̀fọ́ gbogbo ebè wa lórí ìdúró. Ẹni tó bá rà á báyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀bẹ gé e, á sì fi kùkùté sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí a fi pọnmi dé, ó ti fa ìdajì tu tòun ti gbòǹgbò.

"Elvire, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ẹ̀fọ́ mi ni mò ń kó. Àwọn ará Sakété fẹ́ràn èyí tó ní gbòǹgbò, kì í tètè rọ."

"Ewé lo rà. O ò ra gbòǹgbò."

"Ẹ wá wo olówó gbòǹgbò." Ó rẹ́rìn-ín, ó tún fa ọ̀kan tu.

Flavienne gbé arosuwá onírin tí a fi ń bomi rin ebè, ó là á mọ́ ọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Elvire kò ṣubú. Ó rọ̀ mọ́ ọmọ mi lọ́rùn, ó gé e jẹ létí, àwọn méjèèjì wó lu ebè. Mo ní kí n là wọ́n níjà, wọ́n taari mi sínú ẹrẹ̀. Kí n tó dìde, ọ̀bẹ Elvire ti la àtẹ́lẹwọ́ Flavienne, mo rí egungun.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Towé, wọ́n na obìnrin kan títí ó fi yarọ nítorí gbòǹgbò ẹ̀fọ́. Mo rò pé ayé yẹn ti lọ.

Mo tẹ ọwọ́ Elvire mọ́lẹ̀ títí ó fi jọ̀wọ́ ọ̀bẹ. Mo jókòó ti apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo ń fi ọ̀bẹ náà gé ewé kúrò lára gbòǹgbò, mo ń ju ewé lu Elvire.

"Ohun tí o rà nìyẹn. Máa kó o."

Ó ń sunkún, ó ń kó o. Flavienne fi ìró di ọwọ́, ó ń fi ọwọ́ òsì ti gbòǹgbò bọlẹ̀ padà, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i.

Òmíràn kú, òmíràn rú. Èyí tó rú la fi san owó ilẹ̀. Ìka méjì Flavienne kò ká mọ́. Elvire ṣì ń wá rajà, àmọ́ ojú ọ̀nà ló ń dúró sí. Èmi ni mò ń gé ẹ̀fọ́ fún un, ọ̀bẹ tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo sì ń lò.