Báńgà Jìmí Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹbu Epo

Láti ọjọ́ tí Jìmí ti kọ́ ilé alájà sí ẹ̀gbẹ́ ẹbu tí Mùsílímátù ti ń se epo pupa ní Erunmu ni obìnrin náà ti ń fojú tín-ín-rín wò ó. Kì í ṣe ìlara. Ẹni tó ti fi epo tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú kò ní torí ilé onílé sunkún. Ohun tó ń rí i lára ni pé ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún yìí kò mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, síbẹ̀ òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo àdúgbò. Ó gbin òdòdó láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, ó kú. Ó tún òmíràn gbìn, ìyẹn náà kú. Ló bá ní ilẹ̀ Erunmu ni kò dáa. Ilẹ̀ tí bàbá ńlá rẹ̀ fi jẹ iṣu yó!

Nínú oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ti mú gbogbo ewé gbẹ bíi bébà, bàbá Jìmí, Tíṣà Akínwándé, pé ọgọ́rin ọdún. Tíṣà yìí ló kọ́ Mùsílímátù ní a, b, d nílé ìwé Onítẹ̀bọmi, òun nìkan ni obìnrin náà sì ń bọ̀wọ̀ fún nínú ilé náà. Wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ láàárọ̀, àlejò ti jẹ, wọ́n ti mu. Ó wá ku báńgà. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ń sọ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ nígbà Kérésì o. Èyí tó ń fò lọ sójú ọ̀run tó ń tú ká ni Jìmí rà wá láti Èkó, páálí ńlá mẹ́ta, ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí iná ń gbà jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mùsílímátù kírun Màgíríbì tán, ó ń ká ẹní rẹ̀, ló gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ nǹkan lẹ́yìn ògiri. Ògiri náà kò ga ju àyà lọ. Ó yọjú, ó rí Jìmí tó gbé páálí kan ka orí tábìlì oníke tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, tí wọ́n fi òkúta gbè.

"Jìmí, ṣé orí ìyẹn lo fẹ́ yin iná sí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Roheem. Ẹ ṣáà máa wòran."

"Ìran wo ló tún kù? Mo ti ń wò ó látàárọ̀."

Gift, ìyàwó Jìmí, tó gbé fóònù dání láti ya fídíò, bú sẹ́rìn-ín. Mùsílímátù ò wo ibi tó wà. Obìnrin tí èékánná rẹ̀ gùn tó ọ̀bẹ ìbẹ́pẹ, kí ni yóò mọ̀?

Tíṣà ti fi awò ojú sójú, ó na ìwé tó bá páálí wá sábẹ́ iná. Ó ń kà á bí ìgbà tó bá wà níwájú kíláàsì. "Ó ní kí ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí yẹ̀pẹ̀ há a yíká kó má ṣubú. Kí òǹwòran jìnnà ní àádọ́ta ìṣísẹ̀. Kí omi wà nítòsí. Bí èyí kan bá kọ̀ tí kò yìn, ẹ má padà lọ bẹ̀ ẹ́ wò."

"Dádì, àṣejù ni gbogbo ìyẹn. A yin irú ẹ̀ l'Ékòó lọ́dún tó kọjá."

"Ta ló yìn ín?"

Jìmí rẹ́rìn-ín. "A wà níbẹ̀ ni, Dádì."

Mùsílímátù fi imú rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà níbi ìsìnkú kọ́ ló gbẹ́ sàréè.

Tíṣà fi ọ̀pá na ilẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Jìmí gbé páálí náà sílẹ̀. Ó gbé búlọ́ọ̀kù méjì tì í lọ́tùn-ún, ti òsì sú u, ó ní ìyẹn náà tó. Mùsílímátù fúnra rẹ̀ ló gbé korobá omi kan àti ti yẹ̀pẹ̀ kan gba ẹnu géètì wọlé, ó gbé wọn kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni Jìmí sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ náà.

"Ìyá Roheem, òkìtì ìhá yín tó wà lẹ́bàá ògiri yẹn ńkọ́? Ẹ ò ṣe fi tapólì bò ó?"

Ìhá ni èyí tó máa ń kù lára ẹyìn bí wọ́n bá ti fún epo rẹ̀ tán. Bó bá ti gbẹ, ó ń gba iná ju bẹntiróòlù lọ. Mùsílímátù mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde?

"Ìhá mi ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé rẹ lélẹ̀," ó ní. "Gbé báńgà rẹ jìnnà." Ó pòṣé, ó padà sẹ́yìn ògiri.

Páálí àkọ́kọ́ lọ geere. Ó pupa, ó di àwọ̀ ewé, ó já wálẹ̀ bí òjò wúrà. Ó rẹwà, ìyẹn sì tún bí Mùsílímátù nínú. Èkejì, tó gbé sójú kan náà, yin mẹ́jọ, ló bá dákẹ́. Jìmí dúró díẹ̀, ó tan iná fóònù rẹ̀, ó ń lọ síbẹ̀.

"Fọlájìmí!" Tíṣà kígbe.

"Má lọ! Da omi sí i!" Mùsílímátù náà kígbe.

Jìmí ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń yọjú wo ihò. Orúnkún rẹ̀ gbá páálí náà, ó sì dà sí apá òsì tí kò ní búlọ́ọ̀kù. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í yìn. Ọ̀kan ré iwájú orí Jìmí kọjá, ó gbé irun òkè ojú rẹ̀ lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e fò lórí ògiri, ó bọ́ sínú ìhá.

Iná ran gùù, ó sì gbá òrùlé imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lórí ẹbu mú. Jìmí fọwọ́ bojú, ó ń ké "Ojú mi o!" bí ẹni tí wọ́n gbé jù sínú kànga. Mùsílímátù wá korobá rẹ̀, ó rántí pé ilé Jìmí ló gbé e sí. Ó ń fi ọwọ́ lásán bu yẹ̀pẹ̀, nígbà tí ẹnì kan fo ògiri bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gift ni. Ó ti ju fóònù nù, korobá yẹ̀pẹ̀ ló gbé dání.

"Ìyá, ṣé kí n bu omi wá?"

"Má bu omi sítòsí epo! Bá mi yí dúrọ́ọ̀mù!"

Àwọn méjèèjì yí dúrọ́ọ̀mù epo mẹ́rin jìnnà. Èékánná Gift kán mẹ́ta, kò wò wọ́n. Ìgbà tí àwọn aládùúgbò fi dé tí wọ́n pa iná náà, òrùlé ẹbu ti jóná tán, igi ìdáná pẹ̀lú, ṣùgbọ́n epo kò dànù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Jìmí dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Mùsílímátù. Ojú rẹ̀ dán bí ẹyin tí wọ́n bó.

"Dìde," Mùsílímátù ní. "Wọ́n á ní èmi ni mo fá irun ojú rẹ."

"Mà á tún ẹbu yín kọ́, ìyá. Ẹ forí jì mí." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ní kẹ́ ẹ bo ìhá yẹn."

Mùsílímátù yíjú wo òkìtì eérú náà. Òótọ́ ni. Kò sí ohun tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe òrùlé, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ tí iná bó. Kí olóye sọ òótọ́ síni lójú, èèyàn á gbà á. Ṣùgbọ́n Jìmí!

"Lọ pe káfíńtà," ó wí níkẹyìn.

Wọ́n fi páànù tuntun kan òrùlé náà láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Jìmí gun àkàbà láti ran káfíńtà lọ́wọ́, ó fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ní ọ̀sán tí Jìmí lọ sí Ìbàdàn, Mùsílímátù kó ìhá tuntun lọ sí ìsàlẹ̀ odò, kó má baà rí i pé òun gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, Jìmí á kí i, òun náà á dáhùn, á sì máa wo ibòmíràn. Gift nìkan ni Mùsílímátù ń bu epo fún láìjẹ́ kó tọrọ.