Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Sítábíláísà Ìyá

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n purọ́ fún yín ní àdúgbò wa, Gàmbàrí. Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ da yìgì Jummai rú lọ́dún 1996 kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe ará ilé ọkọ. Èmi Gàní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni. Bàbá wa ti kú, èmi ló kù tí yóò fa ọmọbìnrin náà fọ́kọ. Ọkọ náà sì ni Sàídù, ọ̀rẹ́ mi láti ilé kéwú, tí wọ́n ti fi ẹgba kan ṣoṣo na àwa méjèèjì.

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mò ń tún ṣe ní Ọjà Tuntun. Inú máa ń tètè bí mi, n kò ní fi bò fún yín. Lọ́dún náà, Tísà Fọláṣadé, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń kọ́ni ní ilé-ìwé gírámà, ní òun fẹ́ kọ̀ǹpútà tí òun yóò máa fi tẹ ìwé ìdánwò. Mo ní kò tó nǹkan, màá tò ó fún un. N kò tò ó rí láyé mi o! Mo kàn ti ka ìwé nípa rẹ̀, mo sì ti tú ẹyọ kan wò. Sàídù tó máa ń lọ ra ọjà l'Ékòó ló bá mi ra gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bọ̀. Mo lọ pàdé rẹ̀ ní Ọ̀fà Garage, ó ti fi aṣọ wé wọn bí ẹni gbé ẹyin.

Lọ́jọ́ Àtàláátà, mo tò ó tán. Sítábíláísà ṣọ́ọ̀bù mi ti jóná, ni mo bá lọ yọ èyí tó wà lẹ́yìn fíríìjì Ìyá wa nílé. Ìyá kùn sí mi, mo ní ọjọ́ méjì péré ni. Mo so okùn kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, mo ní Bìsìmílà, mo tan iná lára ògiri. Abẹ́rẹ́ sítábíláísà fò sókè, iná pupa kékeré tàn lójú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò mira. Fáànù inú rẹ̀ ò yí, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi ìgbájú kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ inú ohunkóhun láìkọ́kọ́ pa iná lára ògiri. Nítorí náà, mo pa á. Mo tú u, mo yọ okùn yìí, mo ti tọ̀hún bọlẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo ẹnu wọn. Mo tún tan án. Mo ka ení, èjì, dé ọgbọ̀n. Kò sí nǹkan kan. Mo pa á, mo tún tú u. Báyìí ni mo ṣe títí ilẹ̀ Àtàláátà fi ṣú, báyìí náà ni mo ṣe ní Àlàrùbá, títí ìka mi fi bó.

Mo fi tẹ́sítà kan ihò iná ara ògiri, iná wà níbẹ̀. N kò fi kan ẹ̀yìn sítábíláísà, níbi tí iná ti ń jáde, rárá. Ta ni yóò fura sí ohun tó ti ń bá ìyá rẹ̀ gbé láti ọdún mẹ́ta, tí omi tútù ò sì wọ́n nílé? Ọ̀rẹ́ mi ni mo fura sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí pé Sàídù ò wojú mi dáadáa nígbà tó ń gbé ẹrù náà lé mi lọ́wọ́. Mo rántí bó ṣe rẹ́rìn-ín. Bí inú bá ń bí èèyàn, kò sí ohun tí kò ní rántí.

Nígbà tó fi di ọ̀sán Àlàmísì, tí yìgì ku ọ̀la, mo ti dá ẹjọ́ tán lọ́kàn mi. Mo ránṣẹ́ pe Sàídù. Ẹ̀rín ló bá wọlé, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìnáwó ni.

“Sàídù, òkú lo rà bọ̀ fún mi,” mo wí kó tó jókòó.

“Òkú kẹ̀? Òkú kí ni?”

“Kọ̀ǹpútà yìí! O ti lọ ra èyí tó bàjẹ́, o wá fi mí ṣe ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Àtìní ni Tísà ń bọ̀. Kí ni kí n wí fún un?”

“Hàbá, Gàní! Ojú mi ni wọ́n ṣe so ó pọ̀, tí wọ́n dán an wò, kí wọ́n tó tú u fún mi. Mo rí i tó tàn.”

“Ó dáa. Fi Kùránì búra.”

Ẹni tí a jọ ka Kùránì láti kékeré ni mo ní kó fi búra fún mi lórí kọ̀ǹpútà.

“N ò ní búra lórí irin,” ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

“Kò sí yìgì lọ́la nìyẹn. N ò ní fa àbúrò mi fún ọ̀dàlẹ̀.”

Mo gbọ́ tí nǹkan jábọ́ lẹ́yìn mi. Jummai ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ló rán an wá gba sítábíláísà, nítorí ẹran tí wọ́n fẹ́ fi se oúnjẹ yìgì ti dé, wọn ò sì lè tan fíríìjì láìsí i. Àpò tó mú wá láti fi gbé e ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé làálì sí.

Ó dùn mí o, ẹ má rò pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde, ojú sì ń tì mí láti kó o jẹ. Mo fi ìbínú tan iná lára ògiri. “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó!” Kò mira. Bí mo ṣe ní kí n pa á ni ládánì pe ìrun Aláàsárì. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo mú omi àlùwàlá, mo jáde. Sàídù bọ́ síta tẹ̀ lé mi. Jummai ní òun yóò kí tòun nílé, ó jókòó ti ṣọ́ọ̀bù.

Ìlà ẹ̀yìn la bá ní mọ́sálásí, àwa méjèèjì la sì dé kẹ́yìn, ni a bá dúró ti ara wa. Èjìká Sàídù kan tèmi. N kò mọ rákà tí mo kí. Mo fẹ́ bẹ Ọlọ́run, n kò sì mọ ohun tí màá tọrọ: ṣé kó tàn ni, àbí kó má tàn kí n lè jàre?

Nígbà tí a padà, Jummai ti lẹ̀ mọ́ ògiri. Fáànù ń kùn yunyun. Ojú kọ̀ǹpútà ti tàn, lẹ́tà funfun tò sórí rẹ̀.

“Kí lo ṣe sí i?” mo kígbe.

“N ò fọwọ́ kàn án o, Bọ̀ọ̀dá! Mo jókòó jẹ́ẹ́ mi ni. Sítábíláísà dún kọ́, lòun náà bá dún píì, ó tàn.” Ó wá ń wò mí bí ẹni wo ọmọdé. “Àbí ẹ ti gbàgbé pé ó máa ń dúró ni? Bí iná bá dé, kì í fún fíríìjì níná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ka tẹ̀sùbáà yí po kó tó dún kọ́. Ẹ̀yin lẹ rà á, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé kí fíríìjì má baà jó ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀.”

Òótọ́ ni. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta! Láti Àtàláátà ni mo ti ń tan án, tí n kò dúró tó ìṣẹ́jú kan kí n tó pa á, tí sítábíláísà á sì tún bẹ̀rẹ̀ ìdúró rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Kọ̀ǹpútà Tísà ti tàn! Nígbà náà ni mo gbójú sókè wo Sàídù.

Sàídù ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjá lára mi, ó pa iná lára ògiri. Gbogbo rẹ̀ kú.

“Sàídù!”

“Jókòó.” Ó tún tan án. Ó fa àga, ó jókòó kọjú sí mi. “Èmi àtìwọ la jọ máa dúró. Bí o bá dìde, mo ń lọ sílé.”

Ìṣẹ́jú mẹ́ta gùn o, ẹ̀yin èèyàn. N kò rí nǹkan tú, n kò rí nǹkan pa. Mo ní, “Sàídù, mo ṣẹ̀ ọ́.” Kò dáhùn. Mo ní, “Ọ̀rọ̀ Kùránì yẹn, kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ tí Bàbá wa kú, ìwọ lo kọ́kọ́ dé.” “Forí jì mí nítorí Ọlọ́run,” mo wí.

Sítábíláísà dún kọ́. Kọ̀ǹpútà dún píì.

“Aago mélòó ni yìgì?” Sàídù bi mí.

“Aago mẹ́wàá.”

“Màá ti dé ní mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ìwọ ni kó o má pẹ́.”

Jummai bú sẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún, ó wá kígbe pa pọ̀ mọ́ ọn pé, “Ẹran o! Ẹran á bàjẹ́ nílé!”

Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á. Mo yọ okùn kúrò lẹ́yìn sítábíláísà, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Sàídù ti di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. A gbé e la Ọjà Tuntun kọjá lọ sí Gàmbàrí, Jummai ń lọ níwájú. Kò wúwo tó ohun tí ẹni méjì ń gbé, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un.