Ìrẹsì tí Kannakánná Kọ̀

"Kannakánná ò fẹnu kàn án," ni Màmá Mangalam wí. Ó jókòó sínú àgbàlá, ó tẹjú mọ́ ìrẹsì tó wà lórí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

Ponni, ìyàwó ọmọ rẹ̀, fara ti ìlẹ̀kùn ilé ìdáná. Ìdájí ló ti jáde lọ sílé iṣẹ́ òwú, agogo méjì ọ̀sán ló wọlé. Ọkọ rẹ̀ ti wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Chennai. Kò sáyè ọbẹ̀ kankan, ló bá yan ẹ̀pà àti hóró músítádì nínú òróró, ó da ata ilẹ̀ pupa sí i, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ó fi po ìrẹsì. Òṣùpá kò ní yọ lọ́jọ́ náà, ọjọ́ ìrántí òkú ọdọọdún. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà pé òkú ilé ló ń tipasẹ̀ kannakánná wá jẹ ìpín rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, ẹni tó ń dáná pàápàá kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Ẹ ti lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà láàárọ̀."

"Kí n jẹun ṣáájú bàbá ọkọ rẹ? Ó ń bínú ni. Oríṣi ọbẹ̀ mẹ́ta la sè fún un lọ́dún tó kọjá."

"Ọwọ́ méjì péré ni mo ní, mà."

Òógùn bo iwájú orí ìyá náà. Ẹ̀rù ba Ponni. Ó bu díẹ̀ nínú ìrẹsì orí ògiri náà, ó fi sẹ́nu.

"O tọ́ ọ wò?"

"Mo tọ́ ọ wò, mà. Iyọ̀ ló pọ̀ jù. Mo fi sínú òróró, mo tún gbàgbé, mo fi sí i lẹ́yìn tí mo fún ọsàn. Bàbá ò bínú sí yín."

Ìyá náà mi orí. "Bó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀, á ti àwo nù."

Ponni bu ìrẹsì funfun tó kù nínú ìkòkò, ó po wàrà dídì mọ́ ọn, ó rẹ́ atalẹ̀ sí i. Ó ń gbé e lọ síbi ògiri.

"Gbé e wá síbí."

"Ti kannakánná ni, mà."

"Mo ní gbé e wá. Ogójì ọdún ni mo fi ń dúró kó tó jẹun tán. Kóun náà dúró dè mí lónìí."

Ó bu òkèlè kan, ó gbé e mì, ó sì sún àwo náà síwájú Ponni. "Jókòó. Ìwọ náà ò tíì jẹun."