Ṣíbí Méjì Nínú Àwo Ibtihal

Kò sí ẹlòmíì tó rí i. Èmi Tharwat nìkan ni mo fi ojú mi méjèèjì rí i, torí pé ní gbogbo Alẹkisáńdíríà, láti etí òkun títí dé ibi tí ilé parí sí, kò sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tó mi. Iléeṣẹ́ tó ń kó oògùn fáwọn ilé oògùn la ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo àkọsílẹ̀ wa wà nínú ẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ló ń bi í ní ìbéèrè, tí mi ò bá sì pín agbára ẹ̀ fún wọn, wọn á ti para wọn tipẹ́. Mo wá pín in bí oúnjẹ ìṣínu: orúkọ kan, àwo kan, gbogbo àwo dọ́gba. Ẹni tí ò bá jẹun, tiẹ̀ á lọ sínú àwo àwọn yòókù. Ọba gan-an ò lè pín in dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wagdi, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, ò gbà pé ó dọ́gba. Ọmọbìnrin kan, Ibtihal, ló jókòó níwájú ẹ̀. Gbogbo ọ̀sán Ramadan, Ibtihal á bi kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè, ìdáhùn á ti dé kó tó tún ìborùn ẹ̀ ṣe tán, á gbé báàgì, ó di ilé. Ti Wagdi á ṣì máa yí. Ojú ẹ̀ á tẹ̀lé báàgì yẹn dé ẹnu ọ̀nà. Owú tó wà lójú yẹn, ẹ lè fi se odidi ràkúnmí mẹ́ta.

Ó fi oyè ọ̀gá ńlá, bàṣà, pọ́n mi lé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Tharwat bàṣà, kí ni ọmọ yẹn ń fún ẹ tó o fi ń bu tiẹ̀ kún?"

"Àwo kan náà ni, bọ̀bọ́ mi. Ohun tó ń béèrè ni ò pọ̀. Ibtihal ń béèrè oògùn tá a tà lónìí. Ìwọ ń béèrè gbogbo èyí tá a ti tà látìgbà tí wọ́n ti bí ẹ, o wá ń fojú ṣa toní nínú ẹ̀."

"Irọ́ ni. Ẹ̀ ń fi ẹran pamọ́ fún un nísàlẹ̀ àwo."

Ọjọ́bọ̀ tó parí oṣù wá dé. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni Wagdi máa kọ́kọ́ ṣínu nílé àwọn Shahinaz, àfẹ́sọ́nà ẹ̀. Bàbá ọmọ náà jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti sọ ọ́ jáde: tí àgbá tí wọ́n ń yìn nígbà ìṣínu bá dún tí Wagdi ò tíì jókòó, kó lọ wá ìyàwó síbòmíì. Wagdi ti ra kúnáfà, ìpápánu dídùn tí wọ́n ń rẹ sínú omi ṣúgà, atẹ́ ẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn mọ́sálásí. Ṣùgbọ́n Hagg Shawki, ọ̀gá wa, ní Wagdi ò gbọdọ̀ kúrò láìjẹ́ pé àkójọ oògùn tá a tà lọ́dún yìí dé orí fóònù òun.

Láàárọ̀, Ibtihal ti sọ fún gbogbo wa pé òun máa ní kí kọ̀ǹpútà ka gbogbo oògùn inú ilé ìkẹ́rùsí, pé iṣẹ́ náà máa pẹ́. Etí owú ò gbọ́ ọ. Nígbà tí Ibtihal lọ kírun Àlàásárì, Wagdi yọ́ lọ sídìí tábìlì ẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ àṣírí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó padà sáyè ẹ̀, ó sì fi orúkọ Ibtihal wọlé.

Mo rí i lójú kọ̀ǹpútà mi. Orúkọ Ibtihal lẹ́ẹ̀mejì, ṣíbí méjì nínú àwo kan. Àwo Wagdi fúnra ẹ̀ kò ní ẹni tó ń jẹ ẹ́, gbogbo èèyàn ń bu ú. Ká ló fi orúkọ ara ẹ̀ ṣe é ni, á ti parí kó tó di aago márùn-ún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo nílò láti sọ. Mi ò sọ ọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ ló ti fi ń ròyìn pẹ́pẹ́yẹ tí ìyá Shahinaz máa ki ìrẹsì sí nínú, fún èmi tí mò ń fi ẹ̀wà inú agolo ṣínu, tí ẹnikẹ́ni ò se nǹkan kan dè. Owú tèmi náà ga ju ilé alájà ogún lọ.

Ibtihal padà dé, ó ń bi mí kí ló ń ṣe kọ̀ǹpútà ńlá mi tí kò rìn mọ́. Òógùn ń ya lára Wagdi. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí oòrùn wọ̀, ó rọra wá sétí mi.

"Bàṣà, àwo Ibtihal yìí ò mà kún o."

"Kò kún jù tìẹ lọ rí. Ẹ̀yin méjì lẹ wá wà nídìí ẹ̀ báyìí."

Ó fẹ́ dá a dúró kó fi orúkọ ara ẹ̀ tún un bẹ̀rẹ̀, àmọ́ àkókò ti lọ. Àgbá dún. Bó ṣe dún ni àkójọ náà jáde, ó sì bọ́ sórí fóònù Hagg Shawki tòun ti orúkọ Ibtihal. Hagg fi fóònù pè wá, dàbínù ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. "Ibtihal ọmọ mi, iṣẹ́ tìẹ àti ti Wagdi lọ́jọ́ kan náà. Láti ọjọ́ Àìkú, ìwọ ni olórí yàrá yẹn."

Tí Wagdi bá ní tòun ni, á ní láti sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ àṣírí Ibtihal. Ibtihal wò ó títí. Fóònù Wagdi ló dún tẹ̀ lé e. Bàbá Shahinaz ò pẹ́ lórí ẹ̀. "Ibi tó o wà yẹn, jẹun ẹ níbẹ̀." Ó gé e.

Ni Ibtihal bá tú kúnáfà. Èmi ni mo gé e, rúlà ni mo fi wọ̀n ọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan dọ́gba bí eyín mi. Ẹ wo Wagdi tí omi wà lójú ẹ̀, tí ìyàwó ti lọ, tí ipò ti lọ: ó na ọrùn, ó ń fojú wọn ti Ibtihal bóyá ó tóbi ju tòun lọ.

Mo ṣì ní rúlà náà, ṣúgà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ ò lẹ́nu láti má gbà mí gbọ́.