Ta Ló Ni Ààrò?

Ara mi ò lélẹ̀ láti àárọ̀ Mọ́ńdè. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan, mo á jù ú sílẹ̀. Mo á lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo á wo títì bí ẹni tó ń retí àlejò, mo á tún padà sínú ṣọ́ọ̀bù. Tí oníbàárà bá bi mí pé kọ̀ǹpútà òun ńkọ́, mo á fi ìkanra dá a lóhùn. Ẹ má bá mi wí. Olè ni wọ́n pè mí. Èmi Hameedah Sàláwù, tí mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Agége láti ọdún mọ́kànlá, tí wáyà lásán ò sọnù lọ́wọ́ mi rí.

Bó ṣe jẹ́ rèé. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún Alhaja Modinat, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ní ilé búrẹ́dì lẹ́yìn ibùdó rélùwéè. Ààrò ni mo sọ ètò náà. Kò ṣe ju kó sọ ìgbà tí wọ́n máa po fùláwà, ìgbà tó máa wú tó, àti ìgbà tí wọ́n máa tì í sínú iná. Àmọ́ ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé bí iná mànàmáná bá lọ lójijì, á tún gbogbo àkókò náà ṣírò kí fùláwà pípò má bàa kan. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ò mọ̀ pé iná máa ń lọ.

Nígbà tó dára tán, mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tí mo fi kọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ wo inú rẹ̀ lè wò ó. Mo kọ ìwé àṣẹ mọ́ ọn: lò ó, tún un ṣe, kódà tà á bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n fi orúkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ayé rí ohun tí o tún ṣe sí i. Ilé búrẹ́dì mẹ́rìnlá ló ń lò ó láti Agége dé Dopemu. Àwọn kan ní orí mi ò pé, pé kí ló dé tí mo ń fi òógùn mi tọrẹ. Mo ní ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lèmi náà fi kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Àfi bí lẹ́tà ṣe dé láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Oregun tó ń ta ètò tí wọ́n pè ní Ọ̀gá Ààrò. Lọ́yà wọn kọ̀wé sí àwọn oníbúrẹ́dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá pé iṣẹ́ àwọn ni wọ́n jí dà kọ tí wọ́n ń pè ní Ààrò, pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín ọjọ́ méje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di kóòtù. Kó tó di ọ̀sán, ẹnì kan ti gbé e sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ ṣọ́ra fún Hameedah o." Àwọn tó ń pè mí ní Ẹnjiníà lánàá ò gbé fóònù mi mọ́.

Mo sáré lọ bá Alhaja. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ míkísà, lẹ́tà náà wà lórí itan wọn, fùláwà ti kun etí rẹ̀.

"Hameedah, níbo lo ti rí nǹkan yìí?"

"Alhaja, lójú yín kòrókòró ni mo ti kọ ọ́. Orí àpótí yẹn ni mo jókòó lé fún oṣù mẹ́rin."

"Mo rí ọ tí ò ń tẹ nǹkan. Ṣé ẹni tó ń da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ kì í tẹ nǹkan ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mi ò mọ ìgbà tí mo jágbe mọ́ wọn, èmi tí mo ń kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò jágbe padà. Wọ́n ní, "Bí o bá ní ẹ̀rí, gbé e wá. Ariwo kì í ṣe ẹ̀rí."

Ẹ̀rí wo ni mo fẹ́ mú wá? Ọjọ́ tí mo gbé Ààrò síta wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo pe lọ́yà wọn, ó ní ẹnikẹ́ni ló lè yí ọjọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà padà. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń rìn kiri ilé bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Nígbà tó di Wẹ́sídè, mo ní ìyẹn ti tó. Mo ní kí Alhaja jẹ́ ká jọ lọ bá wọn ní Oregun. Wọ́n gbé báàgì wọn, a jáde.

Máníjà tó gbà wá lálejò ń jẹ́ Reuben, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan báyìí. Ẹni tó ń bá wọn kọ kóòdù, Déolú, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Reuben rẹ́rìn-ín sí mi. "Madam, ẹ má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ohun tó bá ti wà ní gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti gbogbo ayé ni."

"Ẹ dúró ná," ni mo wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ni, àbí ẹ rí i ní gbangba? Ẹ mú ọ̀kan."

Ẹ̀rín yẹn kú díẹ̀. "Àwa la kọ ọ́. Déolú yìí ló kọ ọ́."

"Tí ẹ bá sọ pé ẹ rí i ní gbangba, mi ò ní bínú. Ẹ lè tà á, mo fàyè sílẹ̀ fún ìyẹn. Ẹ̀rọ omi tó wà ládùúgbò, gbogbo èèyàn ló lè pọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè kọ orúkọ yín sára ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ wá máa pe àwọn tó ń pọnmi lólè." Mo nawọ́ sí kọ̀ǹpútà náà. Mo ní, "Kí Déolú ṣí i. Ogún ìlà àkọ́kọ́ péré ni mo fẹ́ rí."

Reuben mi orí sí Déolú pé kó ṣí i. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó mọ ohun tó ti ní kí wọ́n yọ. Déolú ṣí i, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ìwé àṣẹ mi ò sí níbẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn ló wà lókè gàdàgbà. Alhaja ló tẹ̀ síwájú, tí wọ́n wọ gíláàsì wọn, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀:

"Ọlọ́run, iná tí Sàídátù dá, má jẹ̀ẹ́ kó kú lójú mi. Má jẹ̀ẹ́ kó jó ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àmín."

Èmi fúnra mi ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Láràárọ̀, kí wọ́n tó dáná, Alhaja á kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ, wọ́n á ṣe àdúrà yẹn. Kò sí ohun tó ń wọ ilé iná wọn tí wọn kì í ṣe é sí, ì báà ṣe míkísà tuntun tàbí ìgbálẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo parí Ààrò, wọ́n dúró sẹ́yìn mi, wọ́n ní àfi kí n kọ ọ́ sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kóòdù, ní ibi tí kọ̀ǹpútà kì í kà, kí wọ́n ṣáà lè jẹ́ kí n máa lọ sílé.

"Ta ni Sàídátù?" Alhaja ń bi Reuben.

Reuben tún wo ojú kọ̀ǹpútà náà.

"Ìyá tó bí mi lọ́mọ ni. Ó ti pé ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ti kú. Níbo lẹ ti bá wọn pàdé?"

Reuben yí sí Déolú. "Ṣebí mo ní kí o yọ gbogbo rẹ̀ kúrò."

"Ọ̀gá, orúkọ lẹ ní kí n yọ," ni Déolú wí, ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Àdúrà nìyẹn. Mi ò mọ àdúrà ẹni tó jẹ́. Mi ò lè fọwọ́ ara mi pa á rẹ́."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, lẹ́tà mìíràn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá: àṣìṣe ni, Hameedah Sàláwù ló kọ Ààrò, àwọn ti dá orúkọ rẹ̀ padà sórí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn sì ti gbé kóòdù tàwọn síta, bí ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe wí. Wásáàpù kún fún "Ẹnjiníà wa." Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo sùn bí òkú.

Nígbà tó di Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo kọrí sí ilé búrẹ́dì. Déolú ni mo bá lórí àpótí. Ó ń gbé Ọ̀gá Ààrò sórí kọ̀ǹpútà Alhaja.

Ojú mi ṣókùnkùn. "Alhaja, ẹ̀yin náà? Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

"Ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ni mo ń wá," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Ẹni tí mo lè bá jà ni mo ń wá. Ìwé tí o kọ mọ́ tìrẹ, kí ló sọ pé ó máa ṣẹlẹ̀ tó bá bà mí ní búrẹ́dì jẹ́? Kà á fún mi."

Mo ṣí i lórí fóònù. Gbogbo àwa tí a ń fi kóòdù tọrẹ la máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀, lọ́dọ̀ ara wa la ti ń mú un. Mi ò tíì kà á sókè rí. "Kò sí onídùúró fún ètò yìí. Bí ó bá ba ohunkóhun jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ẹni tó kọ ọ́."

"Tiyín ńkọ́?" wọ́n bi Déolú.

"Tó bá bà yín ní nǹkan jẹ́, ẹ lè pè wá lẹ́jọ́, mà."

"O gbọ́," ni Alhaja wí fún mi. "Àwọn wọ̀nyí jalè, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo ti máa mú wọn. Bí tìrẹ bá bàjẹ́, ta ni mo fẹ́ mú? Ìwọ tí ò ń kúnlẹ̀ kí mi? Èèyàn mọ́kàndínlógún ló ń jẹun nídìí iná yìí, Hameedah."

Mo jáde láìdágbére. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Dopemu, mo tún fẹsẹ̀ rìn padà, mo ń dá sọ̀rọ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń bú mi pé kí n kúrò lójú títì. Inú ń bí mi gan-an. Ká ní wọ́n rẹ́ mi jẹ ni, ì bá sàn. Òótọ́ tí wọ́n sọ ló ń bí mi nínú. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pín nǹkan tí mi ò fẹ́ dúró tì, tí mo ń pè é ní oore.

Nígbà tí mo padà dé, mo ní kí wọ́n bá mi wá bírò. Mo kọ ọ́ sórí ìwé pé: "Èmi Hameedah Sàláwù ni mo kọ Ààrò. Bí ó bá ba ohunkóhun jẹ́ ní ilé búrẹ́dì yìí, kí wọ́n mú mi." Mo fọwọ́ sí i.

Alhaja kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Tí mo bá ní mo máa mú ọ, mo máa mú ọ o. Mi ò ní wo ojú."

"Mo mọ̀, mà."

Wọ́n ká ìwé náà sínú báàgì wọn, wọ́n sì ní kí Déolú má ṣe bínú, kó dìde. Mo fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, mo ṣí Ààrò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìlà àkọ́kọ́. Kí n tó dé ìlà igba, mo ti rí àṣìṣe méjì.